Ooru Tó Kù Nínú Òfìfo

Wọ́n ti fi òtútù dẹ́rù bà mí tó láti Adó kí n tó kúrò nílé, débi pé nígbà tí èmi àti òtútù pàdé, ńṣe ló dà bí àlejò tí wọ́n ti ròyìn rẹ̀ jù. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ilé alájà mẹ́rin ni mo ń gbé ní Jámánì, ènìyàn kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, síbẹ̀ mo lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ kí ẹnì kan pe ẹnì kejì. Ní Ìyìn-Èkìtì tí mo ti wá, kí oòrùn tó yọ wọ́n á ti pè ọ́ fún omi, wọ́n á ti pè ọ́ fún ìgbálẹ̀, wọ́n á sì tún pè ọ́ lásán, láti mọ̀ bóyá o ti jí. Èmi tí mo ti ń bínú sí ìpè yẹn láti kékeré, mo wá dé ibi tí wọn kì í ti í pe ènìyàn, ó sì ń ṣe mí bíi pé mi ò sí níbẹ̀ rárá.

Níbi iṣẹ́, orúkọ bàbá mi ni wọ́n ń pè mí, wọ́n sì ń pè é bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. N kò bá wọn jà. Orúkọ ìwé ni, kò ká mi lára.

Èyí tó ká mi lára ni oríkì mi. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ìyá bàbá mi ló fún mi lọ́jọ́ ìkómọ. Òun máa ń pè é ní gbogbo ìgbà, bàbá mi máa ń pè é bí inú rẹ̀ bá dùn, màmá mi sì máa ń pè é bí inú rẹ̀ bá dùn àti bí inú bá ń bí i, ohùn rẹ̀ lo máa fi mọ èyí tó jẹ́. Nígbà tí mo fi máa kúrò nílé, ìyá àgbà ti lọ, bàbá náà ti lọ. Ẹnu kan ṣoṣo ló kù lórí ilẹ̀ ayé tí oríkì yẹn ń ti jáde, mo sì ń fóònù ẹnu náà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi kí n lè gbọ́ ọ. Bí ẹnu náà ṣe dákẹ́, nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì wà láàyè, ni mo fẹ́ sọ.

*

Fisíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó tẹ́lẹ̀. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ya fùláàsì tíì sójú pátákó, dígí inú, dígí òde, àti àlàfo tó wà láàárín wọn. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì gbá àlàfo náà kọ́-kọ́-kọ́, màá ní, "Kò sí nǹkan kan níbí. Ooru kò sì lè rìn gba ibi tí kò sí nǹkan kan kọjá." Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ dáadáa.

Àfi bí mo ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń fi òfìfo ṣòwò. Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ríṣẹ́ ń ṣe pákó kan tí kì í ṣe pákó. Lẹ́búlẹ́bú funfun kan ni, ó kúnná ju èlùbọ́ lọ, ó sì fúyẹ́ débi pé bí o bá sín, ó ti bo ojú rẹ. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó pẹlẹbẹ, wọ́n á fi bébà onírin dídán wé e, wọ́n á gbé e sínú àpótí irin, wọ́n á sì fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kí wọ́n tó dí ẹnu bébà náà pa. Bó bá jáde, yóò ti le koránkorán, bébà ara rẹ̀ yóò sì hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó pẹ́ nídìí aṣọ fífọ̀. Inú ògiri àpótí tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ń tò ó sí, kí ooru òde má bàa dé ibi tí oògùn wà.

Ìdí wíwé ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí. Lẹ́búlẹ́bú yẹn máa ń fa omi ara ènìyàn mu. Ọwọ́ mi là, ètè mi là, ọ̀fun mi gbẹ. Bí mo bá padà sílé, mo máa ń fi òróró ra ọwọ́, màá sì bá ara mi sọ̀rọ̀ sókè kí n lè mọ̀ pé ohùn mi ṣì wà.

Ọkùnrin arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Wẹ́nà, ẹnjiníà tó jẹ́ ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò. Kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín àfi bí mítà bá ṣe ohun tí kò retí. Nígbà tó gbọ́ pé tíṣà ni mí nílé, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀ lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní irin pẹlẹbẹ méjì tó dojú kọra nínú àpótí kan, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn. Mítà kan ń sọ iye ooru tó ń ti orí èyí tó gbóná kọjá sórí èyí tó tutù.

Ó ní, "Mo máa fa ìdajì afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Kí ni mítà máa ṣe?"

Mo ní, "Ó máa wá sílẹ̀."

Ó tan pọ́ǹpù. Afẹ́fẹ́ jáde títí ó fi ku ìdajì. Mítà kò mira. Ó tún fa ìdajì èyí tó kù. Mítà jókòó síbi tó wà bí ọlọ́jà tí kò fẹ́ gba iye tí wọ́n ná.

Wẹ́nà wo ojú mi. "Tíṣà, àwọn tó ń ru ooru ti ń lọ. Kí ló dé tí ẹrù kò dínkù?"

Mo ronú lé e nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ronú lé e nídìí ìkòkò. Ibi tí mo ti ń fọ abọ́ ni èsì náà ti yé mi, odò ẹ̀yìn ilé wa ní Ìyìn tí mo rántí ló sì là mí lójú. Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo àwa ọmọ ilé máa ń tò láti odò dé ẹnu àmù, a ó máa na garawa síra wa. Bí a bá pọ̀, oníkálukú kò ní gbé e ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ kó tó fà á fún ẹlòmíràn. Bí ìdajì wa bá sá lọ ṣeré, àwọn tó kù á máa gbé e rìn jìnnà díẹ̀ kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n máa fà á fún. Omi tó ń dé inú àmù kò yàtọ̀. Màmá tó dúró sẹ́nu àmù kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti lọ.

Mo sọ ọ́ fún Wẹ́nà lọ́jọ́ kejì. Ó fi ọwọ́ họ àgbọ̀n. "Ìgbà wo wá ni omi máa dínkù?"

"Ìgbà tí àwọn tó kù bá kéré débi pé oníkálukú ń gbé garawa láti odò títí dé ẹnu àmù láì pàdé ẹnikẹ́ni lọ́nà. Láti ibẹ̀ lọ, ẹni tó bá tún lọ, ó gbé omi tirẹ̀ lọ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdí tí àwọn fi ń lo lẹ́búlẹ́bú náà nìyẹn. Ihò inú rẹ̀ kéré débi pé hóró afẹ́fẹ́ tó bá wà níbẹ̀ kò lè rìn kó má kan ògiri, kò sí ẹni tó máa na garawa sí. Nítorí náà kò pọn dandan kí àwọn fa afẹ́fẹ́ náà tán. "Kò sì sẹ́ni tó lè fà á tán," ló wí. "Òfìfo tó ṣófo tán, inú ìwé ló wà."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé mi kúrò nídìí wíwé lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Inú mi dùn dé gongo. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo fóònù màmá, mo ròyìn odò àti garawa fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó pe oríkì mi, ó ní, "Omi tí o kì í fẹ́ pọn náà ni àn fi ń gbé ọ ga lọ́hùn-ún? Ṣé o ti jẹun ṣá? Ṣé ọ́n í ní usu níbẹ̀?"

Mo ní iṣu wà, pé iye rẹ̀ nìkan ni kò ṣeé gbọ́ sétí.

*

Lẹ́yìn ìgbà tí a pa fóònù tán ni ọ̀rọ̀ garawa yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Ilé wa ní Ìyìn kún nígbà kan. Tíṣà ni bàbá mi, tíṣà ni màmá mi, àwọn òbí láti Ìgèdè àti láti Ijan sì máa ń kó ọmọ wá sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n lè fi ojú sí ìwé. Bí a bá ń gún iyán lọ́sàn-án Ìsinmi, odó méjì ni. Nígbà tó yá àwọn ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ilé kò tutù. Màmá á lọ sí ojúlé tí kì í lọ tẹ́lẹ̀, á bá wọn jókòó. Bàbá á rìn dé ẹnu ọ̀nà Adó láti lọ wá ẹni tí wọ́n máa jọ jiyàn. A ní, "Ilé wa kò yí padà rárá." Ìyá àgbà kú, a tún ní bẹ́ẹ̀. Dáyọ̀ àbúrò mi lọ ń gbé ní Adó nítorí iṣẹ́ ìjọba. Bàbá kú. Lẹ́yìn náà ni èmi náà palẹ̀ ẹrù mọ́. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kò sí wàhálà, pé ara òun ń gbà á.

Mo ti fi ojú ara mi rí ibi tí mítà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ó máa ń dúró gbagidi fún ìgbà pípẹ́, èèyàn á rò pé kò ní já láéláé. Bó bá wá bẹ̀rẹ̀, kì í dúró mọ́.

*

Ọ̀sán Ìsinmi kan ni màmá sọ fún mi pé bàbá pe òun.

Ó ní inú yàrá ẹ̀yìn ni òun wà, oòrùn ń mú, àdúgbò dákẹ́, òun ń ṣa ẹ̀wà. Òun gbọ́ ohùn bàbá láti ẹ̀yìnkùlé, bó ṣe máa ń pe òun bó bá ti oko dé.

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé wa mọ òfin yẹn kó tó mọ ABD. Bí wọ́n bá pè ọ́ tí o kò sì rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Dìde lọ wò ó. Bó bá jẹ́ ènìyàn, o máa bá a níbẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ènìyàn, o kò tíì bá a dá májẹ̀mú kankan. Ìyá àgbà fi kọ́ màmá, màmá fi kọ́ wa, òun tó jẹ́ tíṣà, tó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mo dáhùn, ọmọ mi," ni màmá wí. "Ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ. Mo ní, 'Sà.'"

"Màmá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló ń kọjá lọ."

"Mi ò mọ ohùn ẹni tí mo bá gbé ulé kan náà láti ìgbà ọmọge mi?"

Mo ní kó máa sinmi dáadáa, kó máa mu omi. Mo sọ̀rọ̀ bíi nọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, irun ọwọ́ mi ń dìde, mo sì dúpẹ́ pé kò rí mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ibà dá a gúnlẹ̀. Dáyọ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ara rẹ̀ yá, ó sì ní kí wọ́n gbé òun padà sí Ìyìn. Mo fóònù. Fóònù dún títí ó fi pa ara rẹ̀. Mo tún pè. Nígbà tó yá wọ́n gbé e. Mo gbọ́ adìyẹ, mo gbọ́ aago ara ògiri, mo gbọ́ èémí ènìyàn.

"Màmá?"

Kò sí èsì. Èémí nìkan.

"Màmá, èmi ni."

Mo dúró títí owó inú fóònù fi tán.

*

Dáyọ̀ ló ṣàlàyé fún mi. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dun ènìyàn, nítorí náà ó kọ́kọ́ béèrè ojú ọjọ́.

"Sìstá mi, ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n kàn ní àwọn kò ní dá ohùn tí àwọn kò rí ẹni tó ni ín lóhùn mọ́."

"Èmi ńkọ́? Ọmọ wọn ni mí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bàbá náà, ọkọ àwọn ni."

Mo ní kó fi fóònù tirẹ̀ pè mí kí màmá lè rí ojú mi. Ó ṣe é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti fọ ojú, mo ti we gèlè, bí ẹni tó ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Màmá gbójú lé mi. Ó ti rù díẹ̀. Ó wò mí títí, ó sì yí ojú sí Dáyọ̀.

"Àwòrán ni èyí," ló wí. "Àwòrán bàbá yín náà wà lára ògiri lọ́hùn-ún, ó ń wò mí láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣé mo ń bá a sọ̀rọ̀ ni?"

Dáyọ̀ ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Adó. Màmá ní, "Bí mo bá lọ, ẹni tó bá dé ńkọ́? Ta ni yóò bá nínú ulé?" N kò mọ ẹni tó ní lọ́kàn, bóyá bàbá ni tàbí èmi.

Mo rò pé mo máa ń ní sùúrù, ṣùgbọ́n mo bínú lọ́jọ́ yẹn. Mo bínú sí ìyá àgbà tó kó ìbẹ̀rù sí wa lórí, mo bínú sí bàbá tó kú. Mo bínú sí ara mi, tí mo di ohùn lásán.

*

Ṣùgbọ́n n kò dẹ́kun pípè. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá pè, màmá á gbé e, a ó sì jókòó, èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún. Màá sọ gbogbo ohun tí mo ṣe. Mo sọ bí ìrì dídì ṣe rí, mo sọ bí mo ṣe ṣubú lójú ọ̀nà tí ọmọ kékeré kan sì fà mí dìde. Mo sọ nípa pákó wa. Nígbà mìíràn màá kọ orin tí ẹgbẹ́ akọrin wọn fẹ́ràn, màá fi ìlà kan sílẹ̀ láìkọ kó lè bá mi gbé e. Kì í gbé e. Ṣùgbọ́n kì í pa fóònù.

Lọ́jọ́ kan, inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ wa ni mo wà, mo tò sórí ìlà pẹ̀lú iṣu kan lápá, mo ń bá màmá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Màmá, ulé mi ò jìnnà síbi, mo ń bọ̀ wá se usu." Obìnrin kan tó wà níwájú mi bojú wẹ̀yìn.

"Ulé? Ará Èkìtì ni yín," ló wí. Ará Ìbàdàn ni òun, ohùn rẹ̀ sọ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi ohùn mi mọ̀ mí. Ó dúró kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó tẹ́tí díẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì rọra lọ.

"Ṣé màmá yín ò fèsì ni?"

"Wọ́n ń gbọ́ mi."

"Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè ráyè," ló wí. Ó sanwó rẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó lọ.

Mo dákẹ́ bó ṣe wí. Kò sí ohun tó jáde níbẹ̀ ju aago ara ògiri lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, ojú mi kò sì sí níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá òótọ́ ni màmá ń ṣe. Kí ni mo fi yàtọ̀ sí bàbá? Ohùn wa méjèèjì ń ti ibi tí ẹnikẹ́ni kò rí wá, a ń dé lọ́sàn-án gangan, a kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀, a kì í wọ inú ilé.

Mo rò pé èmi ni mo ń gbọ́ ìròyìn òkú ilé wa láti òkèèrè. N kò mọ̀ pé létí màmá, èmi gan-an ni òkú tí wọ́n ń gbọ́.

*

Ó sì ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ojúmọmọ ni, oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, mo jókòó níwájú mítà. Pọ́ǹpù mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn mi, ìró wọn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Mo gbọ́ oríkì mi nínú ìró náà. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Mo gbọ́ ọ. Ohùn màmá ni, pẹ̀lú fífà tó máa ń fà á bó bá ń pe ènìyàn láti ilé ìdáná.

Mo ní, "Mà."

Wẹ́nà gbójú sókè. "Ta lẹ̀ ń dá lóhùn?"

Èmi yìí ni mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì gbá pátákó lọ́dọọdún pé ibi tí kò sí nǹkan, kò sí nǹkan. Mo jáde síta, mo fóònù Dáyọ̀, mo ní kó kúrò níbi iṣẹ́ kó lọ wo màmá. Ọkàn mi ti sin ín, kí n má parọ́. Dáyọ̀ pè mí padà láti Ìyìn. Ó ní wọ́n wà nídìí ẹ̀fọ́, pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́, mo sunkún nínú òtútù. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lára mi tán dòní.

Nígbà tí mo wọlé, Wẹ́nà kò béèrè nǹkan kan. Pákó kan tí wọ́n yọ lára àpótí àtijọ́ wà níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ tó ti yọ́ wọ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò sí bí o ṣe lè ti ìta mọ̀ ọ́n. Bí o bá lu ihò sí i, o ti bà á jẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gbé e sínú àpótí ńlá, wọ́n á sì máa fa afẹ́fẹ́ ìta rẹ̀. Bí ìta bá ti ṣófo tó inú, bébà ara pákó náà á gbéra díẹ̀, bí àyà ẹni tó mí. Ìgbà yẹn ni wọ́n á mọ̀.

A jọ ń wò ó. Bébà náà gbéra.

Mo ní, "Gbogbo wọn ló ń jò báyìí?"

"Kò sí bébà tí afẹ́fẹ́ kì í gbà wọlé. Ó kàn ń pẹ́ ju ara wọn lọ ni." Ó pa pọ́ǹpù, bébà náà tún lẹ̀ mọ́ra. "Ẹ lọ sílé yín," ló wí. "Ẹ ti ní ìsinmi tó tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, ẹ kò lò ó."

Òótọ́ ló sọ. Ìwé ìgbélùú mi, tí n kò fi lè rìnrìn àjò lọ sílé tẹ́lẹ̀, ti jáde tipẹ́. Láti ìgbà tó ti jáde ni mo ti ń sọ fún ara mi pé mo ṣì ń bá màmá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé kò sí ohun tí mo fẹ́ kánjú lọ ṣe.

*

Nígbà tí mo dé Adó, Dáyọ̀ fẹ́ pe màmá kó sọ fún un pé a ti ń bọ̀. Mo ní kó má pè. Nígbà tí a dé Ìyìn, mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró sínú ọkọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé.

Màmá wà lábẹ́ igi ọsàn, lórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń bẹ iṣu. Ó kéré ju bó ṣe rí nínú fóònù Dáyọ̀ lọ. Mo dúró.

"Màmá."

Ọ̀bẹ dúró lára iṣu. Kò dáhùn.

"Màmá, èmi ni."

Ọ̀bẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, díẹ̀díẹ̀. Mo rí ọrùn rẹ̀ tó le. Mo rìn yí i ká títí mo fi dé iwájú rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ sórí èèpo iṣu. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó wo ẹsẹ̀ mi àti òjìji mi nílẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí lọ́rùn bó ṣe máa ń ṣe bí mo bá ní ibà ní kékeré.

"Ara ùwọ gbóná," ló wí.

"Oòrùn ni, mà."

Nígbà náà ló pe oríkì mi. Ó pè é jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán an wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo gbórí lé e lẹ́sẹ̀, mo sunkún títí Dáyọ̀ fi sáré wọlé.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, Dáyọ̀ lọ kó ẹrù mi. Mo jókòó ti màmá.

"Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi lórí fóònù?"

"Mo ń gbọ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Títí dé orí ọmọ tó fà ọ́ dìde nínú yìnyín. Kó máa jẹ́ aláǹfààní níbikíbi tó bá wà."

"Ẹ sì mọ̀ pé èmi ni?"

Ó ń fi ìka ṣa ìyókù iyán lára abọ́. "Ní ìbẹ̀rẹ̀, rárá. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó yá, mo mọ̀ ọ́n. Òkú kì í ròyìn bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò dá mi lóhùn?"

Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ibi tí bàbá máa ń gbà wọlé bó bá ti oko dé.

"Bàbá yín pè mí," ló wí. "Mo dá a lóhùn. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mọ́. Mo jókòó síbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán, mo ń retí. Ó ti gbọ́ ohùn mi, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ." Ó gbé abọ́ náà lé ilẹ̀. "Bí mo bá ń dá ọ lóhùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ mi, kí lo tún fẹ́ wá ṣe nínú ulé?"

Ó dìde, ó kó àwọn abọ́, ó wọ ilé ìdáná lọ. Mo ń gbọ́ ọ tó ń da omi, tó ń rọra kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Orin náà dá dúró.

"Ọjọ́ wo lo ń padà lọ?" ló béèrè láti inú ilé ìdáná.

N kò rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Mo gbọ́ ọ ketekete. N kò dáhùn.